Ohun Tí Ẹ̀rọ Ti Sọ Nípa Fọ́tò Yín Kí Ọ̀rẹ́ Kankan Tó Rí I

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 2019, ọ̀pọ̀ fọ́tò kọ̀ láti jáde lójú òpó Facebook fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ibi tó yẹ kí fọ́tò wà ṣófo, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rí ọ̀rọ̀ kéékèèké níbẹ̀ tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn méjì wà nínú àwòrán náà, pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, pé ìta gbangba ni wọ́n wà. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ wọn pé nǹkan kan ti ka fọ́tò wọn fínnífínní, ó sì ti kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ló ti wà lẹ́yìn àwọn fọ́tò, níbi tí ojú kì í ti í tó o, gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe fún àwọn tí kò ríran. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà kàn ṣí aṣọ lójú eégún ni.

Mo gbà pé ẹni tó bá ń fi fọ́tò sórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ẹ̀rọ, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ohun inú àwòrán mọ̀, ń ṣe sí i. Kókó ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àbá ni ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nípa fọ́tò, kì í ṣe ẹ̀rí, àbá náà sì dá lórí irú fọ́tò àti irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi kọ́ ọ. Níbi tí wọ́n bá ti lò ó gẹ́gẹ́ bí àbá, ó ń ṣeni lóore gan-an. Níbi tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ẹ̀rí, ó ń pa àwọn ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan yẹ̀ wò. Obìnrin kan di agboòrùn mú, ajá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi sì wà lẹ́yìn wọn. Ojú tiwa á wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti yé wa. Ní ti ẹ̀rọ, kò sí obìnrin, kò sí ajá. Nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Fọ́tò inú fóònù jẹ́ àkójọ àmì tíntìntín tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kan fún àwọ̀ pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ búlúù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ láti 0 títí dé 255. Ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ sọ fọ́tò náà di kékeré kí iṣẹ́ lè yá. Ìwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ ni píksẹ́lì 224 ní ìbú àti 224 ní òró. Síbẹ̀, nọ́ńbà tó wà nínú fọ́tò kékeré yẹn nìkan lé ní 150,000.

Àwọn nọ́ńbà yìí ló ń gba inú ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní neural network kọjá, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ìpele àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ń wá ibi tí àwọ̀ ti yí padà lójijì, nítorí ibẹ̀ ni etí nǹkan sábà máa ń wà: etí agboòrùn, ìlà ẹsẹ̀ ajá, ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run. Ìpele tó tẹ̀lé e ń so àwọn ìlà náà pọ̀ di igun, di róbótó, di ohun tó jọ irun tàbí ìgbì omi. Bó ṣe ń lọ síwájú ni ohun tó ń kó pọ̀ ń tóbi sí i, títí dé ibi tí imú ajá tàbí ọwọ́ agboòrùn á ti ta á lólobó. Ní ìpele ìkẹyìn, gbogbo orúkọ tí wọ́n ti kọ́ ọ ló máa gba máàkì láti 0 dé 1. Ká ní ajá gba 0.93, agboòrùn gba 0.88, omi gba 0.81, ẹṣin sì gba 0.04. Kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ajá nìyí. Máàkì nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn tó ṣe é ló sì ń pinnu iye máàkì tí orúkọ kan gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó sọ ọ́ síta. Nígbà tí Facebook bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe yìí ní ọdún 2016, ohun tí ẹ̀rọ bá fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán gbà pé ó wà nínú fọ́tò nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó sọ.

Ta ló wá kọ́ ẹ̀rọ ní gbogbo orúkọ yẹn? Àwa ènìyàn ni. Ní ọdún 2009, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Fei-Fei Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ àwòrán kan tí wọ́n pè ní ImageNet jáde, èyí tó wá ní àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù 14, tí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì fi ojú ara wọn wò láti sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ nǹkan, ajá méjì tàbí mẹ́ta ti tó o láti dá ajá kẹrin mọ̀. Ẹ̀rọ kò rí bẹ́ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń fẹ́. Wọ́n á fi fọ́tò hàn án, á dá àbá, wọ́n á fi àbá rẹ̀ wé orúkọ tí ènìyàn kọ síbẹ̀, wọ́n á sì yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà díẹ̀ kí àṣìṣe náà lè dín kù. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, lọ́nà àìmọye ìgbà. Ní ọdún 2012, Alex Krizhevsky, Ilya Sutskever àti Geoffrey Hinton láti Yunifásítì Toronto gbé ẹ̀rọ irú èyí lọ sí ìdíje ImageNet. Nínú ìdíje náà, ẹ̀rọ láǹfààní àbá márùn-ún lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tiwọn kùnà lórí ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ẹni tó ṣe ipò kejì kùnà lórí ìdá 26.2. Láti ìgbà náà ni gbogbo àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń tọ ọ̀nà yìí.

Ṣùgbọ́n owó àti àkókò ni kí ènìyàn máa kọ orúkọ sára àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Facebook ṣe, tí wọ́n sì kéde ní ọdún 2018, ni pé wọ́n kó fọ́tò bílíọ̀nù 3.5 tí àwọn ènìyàn fi síta lórí Instagram, wọ́n sì lo nǹkan bí 17,000 hashtag (ọ̀rọ̀ tí àmì # ṣáájú rẹ̀) tí àwọn onífọ́tò fúnra wọn ti kọ sí i gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ya ajá rẹ̀ tó sì fi hashtag ajá sí i kò mọ̀ pé olùkọ́ ẹ̀rọ lòun ń ṣe. Mo fẹ́ ká fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí ó sọ ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ náà ti wá: láti inú ohun tó wù wá láti yà, àti ọ̀rọ̀ tó wù wá láti fi pè é. Ohun tí ènìyàn kì í sábà yà, tàbí tí ẹni tó ń yà á kì í kọ orúkọ sí, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ ọ́n dáadáa.

Àpẹẹrẹ kan tó ṣe kedere wà nínú ìwádìí tí Sara Beery àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2018. Ẹ̀rọ tó ń dá màlúù mọ̀ láìṣì-í-ṣe bó bá wà lórí pápá koríko lè má dá a mọ̀ mọ́ bó bá dúró sí etíkun. Màlúù kò yí padà rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nínú fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ, màlúù àti koríko kì í fẹ́ ya ara wọn, nítorí náà koríko ti di ara ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní màlúù, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ tún ká mi lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí Facebook fúnra wọn kó fọ́tò àwọn ohun èlò inú ilé láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì gbé wọn fún ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kí ó sọ ohun tó rí. Ọṣẹ olómi inú ìgò nínú ilé kan ní Ìlú Ọba kò fún ẹ̀rọ ní ìṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ líle láti ilé kan ní orílẹ̀-èdè Nepal ni ọ̀pọ̀ nínú wọn pè ní oúnjẹ. Wọ́n rí i pé bí owó tó ń wọlé fún ìdílé kan ṣe kéré tó ni àṣìṣe ẹ̀rọ lórí nǹkan inú ilé wọn ń pọ̀ tó, àlàfo tó wà láàárín àwọn tí owó oṣù ìdílé wọn kò tó 50 dọ́là àti àwọn tí tiwọn lé ní 3,500 dọ́là sì tó nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tó jókòó pinnu láti fi ìwọ̀sí kan tálákà. Fọ́tò ilé wọn ni kò tó nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ.

Nígbà tó bá wá kan ènìyàn fúnra rẹ̀, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fojú kéré mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, ìgbà tí Google Photos, ètò tí Google fi ń tọ́jú fọ́tò, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ̀rọ rẹ̀ fi orúkọ ìnàkí sí fọ́tò àwọn ènìyàn dúdú. Google tọrọ àforíjì. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yọ orúkọ ìnàkí kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ náà, àwọn akọ̀ròyìn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 2018 sì rí i pé bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Facebook náà ní láti tọrọ àforíjì lẹ́yìn tí ẹ̀rọ wọn bi àwọn tó wo fídíò àwọn ọkùnrin dúdú kan bóyá wọ́n ṣì fẹ́ rí fídíò àwọn ẹranko ẹ̀yà ọ̀bọ. Láàárín ọdún méjèèjì yìí, ìyẹn ní 2018, àwọn olùwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ti fi iṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Gender Shades hàn pé, lára àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n ń tà lọ́jà láti fi dá ọkùnrin mọ̀ yàtọ̀ sí obìnrin, àṣìṣe lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún lára èyí tó burú jù, nígbà tí àṣìṣe lórí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò kọjá ìdá 0.8. Àwọn méjèèjì kò pariwo lásán. Wọ́n wọn ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì fi iye sí i, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò fi lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ yìí rẹ́. Ìdí ni àwọn tí kò ríran. Fún ẹni tó ń fi etí lo fóònù, tí ètò kan ń ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù síta fún un, fọ́tò tí kò ní àpèjúwe jẹ́ ògiri. Á gbọ́ orúkọ ẹni tó fi í síta, á gbọ́ iye ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀, á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ "fọ́tò", kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fọ́tò náà, kò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Matt King, onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò ríran tó ń ṣiṣẹ́ ní Facebook, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àpèjúwe aládàáṣe yìí. Ní ọdún 2016, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún orúkọ ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kìíní ọdún 2021, orúkọ tó mọ̀ ti lé ní 1,200, ó sì ti lè sọ ibi tí nǹkan wà nínú fọ́tò, bóyá àárín ni tàbí ẹ̀gbẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé kì í tún ṣe aṣọ funfun nìkan ni ẹ̀rọ fi ń mọ ìgbéyàwó mọ́, nítorí wọ́n ti fi fọ́tò láti ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé kọ́ ọ.

Ohun tí mo yìn jù lọ nínú iṣẹ́ náà ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Wọn kò jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ pé "èyí ni". Gbogbo àpèjúwe ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó ṣeé ṣe kó jẹ́". Ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àbá lòun ń gbọ́, ó sì lè bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè bó bá fẹ́ kó dá òun lójú. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa lo irú ẹ̀rọ yìí níbi gbogbo nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ láìsọ pé "ó ṣeé ṣe" ló pọ̀ jù. Bí ó bá gbà pé ìhòòhò wà nínú fọ́tò kan, fọ́tò náà lè pòórá kí ènìyàn kankan tó wò ó. Bí ó bá ti mọ ohun tó wà nínú àwọn fọ́tò tí ẹ máa ń dúró wò, òun náà ni á fi pinnu èyí tó máa tún gbé síwájú yín. Pinterest, ìkànnì tí wọ́n ti ń kó àwòrán jọ, ti ní irinṣẹ́ kan láti ọdún 2017, Lens, tí ènìyàn lè kọjú kámẹ́rà rẹ̀ sí bàtà tàbí àga kí ó fi àwọn tó jọ ọ́ hàn án. Èyí kò bí mi nínú, nítorí oníkámẹ́rà ló béèrè. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìdájọ́ tí kò sí ẹni tó béèrè fún, tí ẹni tó kàn kò mọ̀ pé ó wáyé, tí kò sì rí ibi tó lè fẹjọ́ sùn.

Ó yẹ kí n ya ohun kan sọ́tọ̀ níbí, nítorí àwọn ènìyàn máa ń pò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń dá ohun inú fọ́tò mọ̀. PhotoDNA, tí Microsoft àti ọ̀jọ̀gbọ́n Hany Farid ṣe ní ọdún 2009 láti fi gbógun ti àwòrán ìfipábánilòpọ̀ ọmọdé, kì í dá ohun tó wà nínú fọ́tò mọ̀ rárá. Ó ń sọ àwòrán di nọ́ńbà bí ìtẹ̀ka, ó sì ń fi í wé ìtẹ̀ka àwọn àwòrán tí ènìyàn ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀ràn ni. Bí ó bá bá a mu, àwòrán tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló padà wá. Irú èyí sún mọ́ ẹ̀rí ju àbá lọ, mo sì gbà pé ó yẹ kó wà.

Ojú ènìyàn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Pé ẹ̀rọ sọ pé ènìyàn kan wà nínú fọ́tò, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Pé ó sọ ẹni tí ènìyàn náà jẹ́, ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn. Láti mọ ẹni náà, ẹ̀rọ á sọ ojú rẹ̀ di ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan, á sì wo bí ọ̀wọ́ náà ṣe sún mọ́ àwọn tó ti wà nípamọ́ tó. Ní ọdún 2014, ẹ̀rọ DeepFace ti Facebook gba ìdá 97.35 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìdánwò tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kò fi ohun púpọ̀ jù ú lọ. Nígbà náà, ojú òpó náà máa ń dábàá orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò fún ẹni tó fi í síta, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n yà lè má sí níbẹ̀, kó má sì mọ̀ pé wọ́n ti dárúkọ òun. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin láti ọdún 2008 pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda ènìyàn kí ó tó gba òdiwọ̀n ojú rẹ̀ pamọ́. Àwọn ará ìpínlẹ̀ náà pẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí sí 650 mílíọ̀nù dọ́là tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 2021. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, Facebook kéde pé àwọn yóò pa òdiwọ̀n ojú àwọn ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan rẹ́. Ìpínlẹ̀ Texas náà gba àdéhùn bílíọ̀nù 1.4 dọ́là lọ́wọ́ Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ní oṣù Keje ọdún 2024. Nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún náà, Meta ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìdámọ̀ ojú wò, lọ́tẹ̀ yìí láti mú àwọn oníjìbìtì tó ń fi ojú àwọn gbajúmọ̀ polówó ọjà, àti láti ran àwọn tí wọ́n gba àkáǹtì mọ́ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà dára létí. Mo ṣì fẹ́ kí ìyọ̀ǹda ṣáájú, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wọn ojú rẹ̀.

Ohun tó wà níkàáwọ́ àwa tí a ń fi fọ́tò síta kò kéré. Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún jù lọ ni kí ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ àpèjúwe fọ́tò yín. Facebook gbà yín láàyè láti yí èyí tí ẹ̀rọ kọ padà níbi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe. Instagram náà ti fàyè gbà á láti oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Ẹ padà sí fọ́tò obìnrin àti ajá yẹn. Ẹ̀rọ á sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ènìyàn kan, ajá, agboòrùn àti omi, kò sì purọ́. Ẹni tó mọ obìnrin náà á kọ pé: "Àǹtí mi na agboòrùn rẹ̀ bo ajá kan tí òjò ti pa, òjò sì ń pa òun fúnra rẹ̀." Ẹ̀rọ ka nǹkan mẹ́rin, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ya fọ́tò náà.

Kò yẹ kí àpèjúwe gùn ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó mú yín ya fọ́tò náà, kí ẹ tó mẹ́nu kan ohun tó yí i ká. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lára àwòrán, irú bíi ti ìwé ìkéde, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde pátápátá, nítorí ẹni tí kò ríran kò ní ọ̀nà mìíràn tó dájú láti mọ ọjọ́ àti aago tó wà níbẹ̀. Ẹ má fi "fọ́tò" bẹ̀rẹ̀ àpèjúwe náà. Ètò tó ń kà á síta ti máa sọ ìyẹn fún un kó tó dé orí ọ̀rọ̀ tiyín.